Ibi tí Iná Mànàmáná Inú Ọkọ̀ Òfuurufú Ti Ń Wá

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kíyè sí i pé kí ọkọ̀ náà tó gbéra, iná inú rẹ̀ a máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ tútù tí ń fẹ́ láti òkè orí a sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan nínú èrò a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà kíkankíkan. Àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n iná tó ṣẹ́jú yẹn kì í ṣe àmì ewu. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orísun iná kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn ni. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí iná ilé kúrò lórí ti ìjọba sí orí jẹnẹrétọ̀ mọ irú rẹ̀ dáadáa.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ibi tí yóò dúró lé, ẹ jẹ́ kí a mú Airbus A320, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ lójú òfuurufú lágbàáyé. Ẹ́ńjìnnì 2 ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ pàtàkì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ni láti ti ọkọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yí ni ó ń yí jẹnẹrétọ̀ kan tí a so mọ́ ọn lára. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ọ̀kan lè pèsè kVA 90, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò kì í sábà ju kVA 3 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kẹta wà ní ìdí ìrù, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní APU ni ó sì ń yí i. Ariwo rẹ̀ ni ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ tí àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá kò sì tíì ṣiṣẹ́. Bátìrì 2 tún wà, àwọn ni a fi lè jí APU náà bí kò bá sí iná kankan láti ilẹ̀.

Iná yìí kì í ṣe irú ti inú ilé wa gan-an. Iná ilé ní Nàìjíríà a máa lọ, a sì máa bọ̀ nínú wáyà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti inú ọkọ̀ òfuurufú ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 400, volt rẹ̀ sì jẹ́ 115. Kí ni ó fa ìyára yìí? Ìwúwo ni. Bí lílọ-bíbọ̀ iná bá ṣe yára tó, bẹ́ẹ̀ ni irin tí a nílò nínú jẹnẹrétọ̀ àti tiransifọ́mà fún iṣẹ́ kan náà yóò ṣe kéré tó, ohun gbogbo tó bá sì wúwo lójú òfuurufú, epo ni a fi ń gbé e. Lórí ilẹ̀, níbi tí wáyà ti ń ti ìlú kan dé ìlú kejì, irú iná bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù púpọ̀ lójú ọ̀nà. Inú ọkọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ ṣá. Gbogbo wa la mọ bí gílóòbù ṣe ń mọ́lẹ̀ tí ó sì ń ṣú nígbà tí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ bá ń hu ìwà wéréwéré. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú a máa sáré gidigidi nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, a sì máa rọra nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí 400 yẹn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ kan sáàárín ẹ́ńjìnnì àti jẹnẹrétọ̀, èyí tí ń fi òróró ṣiṣẹ́, tí ń mú kí jẹnẹrétọ̀ máa yí bákan náà láìka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ àrà tó ga jù nínú gbogbo ètò yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀.

Àwọn jẹnẹrétọ̀ ẹ́ńjìnnì méjèèjì kì í da iná wọn pọ̀. Oníkálukú ní apá tí ó ń bọ́. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gba gbogbo ẹrù náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Kí ẹrù náà má baà pọ̀ jù fún un, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò gé iná ilé ìdáná, níbi tí a ti ń gbé oúnjẹ èrò kaná. Bí awakọ̀ bá sì tan APU lójú òfuurufú, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè rọ́pò èyí tó kú.

Bí gbogbo wọn bá wá kú ńkọ́? Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan yóò já jáde láti abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń là kọjá ni yóò máa yí i, òun yóò máa ti òróró inú páìpù, òróró náà yóò sì yí jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì tí kò ju kVA 5 lọ. Bátìrì ni yóò gbé ọkọ̀ ró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ti fíìmù tàbí tíì gbígbóná níbẹ̀ mọ́. Ojú ìwòye tó wà níwájú ọ̀gá awakọ̀, rédíò, àti díẹ̀ lára àwọn kọ̀ǹpútà tí ń darí ọkọ̀ ni ó wà fún. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé nínú A320, ọwọ́ awakọ̀ kì í fa okùn irin tó lọ tààrà sí apá ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń jíṣẹ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ọkọ̀ A320 ti iléeṣẹ́ US Airways gbéra ní pápákọ̀ LaGuardia ní New York. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹyẹ ńláńlá tó jọ pẹ́pẹ́yẹ fi kó sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, agbára tí ń ti ọkọ̀ síwájú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọ̀gá awakọ̀ náà, Chesley Sullenberger, tan APU lójú ẹsẹ̀, kí ìwé ìlànà tó wà lọ́wọ́ wọn tó kan ibẹ̀. Nínú ìròyìn tí àjọ NTSB tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2010, wọ́n sọ pé ohun tó ṣe yìí ni kò jẹ́ kí iná wọ́n ọkọ̀ náà, tí àwọn kọ̀ǹpútà sì fi ń bá a ṣọ́ ọkọ̀ kí imú rẹ̀ má baà gbé sókè ju bí apá rẹ̀ ti lè gbà lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹyẹ kọlù wọ́n, wọ́n balẹ̀ sórí odò Hudson. Gbogbo ènìyàn 155 tó wà nínú rẹ̀ ni ó yè.

Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn náà tún fi iṣẹ́ púpọ̀ sí i lé iná mànàmáná lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ni a fi ń ṣètò afẹ́fẹ́ tí èrò ń mí. Nínú Boeing 787, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, iná ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ 2 ni ó wà lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kVA 250. Bátìrì lithium tí wọ́n lò nínú rẹ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ọ̀kan gbiná ní Boston nígbà tí èrò ti bọ́ sílẹ̀, òmíràn sì ń rú èéfín ní Japan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ni wọ́n bá dá gbogbo ọkọ̀ 787 dúró sílẹ̀ káàkiri ayé. Iléeṣẹ́ Boeing tún bátìrì náà ṣe, ó fi àpótí irin alágbára yí i ká, ó sì ṣe páìpù tí yóò máa darí èéfín jáde sí ìta ọkọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún náà, ọkọ̀ Ethiopian Airlines ni ó kọ́kọ́ tún gbé èrò, láti Addis Ababa lọ sí Nairobi.