Káàdì Yín Lókè Òkun: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Rìnrìn-Àjò

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí báǹkì kankan má ka owó ìrìn-àjò sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Orí káàdì tàbí ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn ni kí ó máa gbà. Ẹni tó bá gba PTA (owó ìrìn-àjò ti ara ẹni) tàbí BTA (owó ìrìn-àjò ti òwò) báyìí, káàdì ni yóò gbé wọ ọkọ̀ òfurufú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, pàápàá ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí káàdì rẹ̀ ń gba oríṣi owó púpọ̀.

Bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Káàdì kan ni, ṣùgbọ́n àpò inú rẹ̀ pọ̀: ti dọ́là, ti pọ́n-ùn, ti yúrò. Bí ẹ bá ra nǹkan ní pọ́n-ùn, àpò pọ́n-ùn ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí owó ibẹ̀ bá tó, yóò yọ ọ́, ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́ owó kò sì ní wáyé. Bí kò bá tó, yóò lọ bu ú nínú àpò mìíràn, yóò ṣẹ́ ẹ ní iye tí báǹkì yín ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ báǹkì a sì tún gba owó iṣẹ́ lé e. Àwọn káàdì kan kì í bu rárá. Wọn a kọ̀ bí owó àpò kan ṣoṣo kò bá tó. Ẹ bi báǹkì yín léèrè èwo ni tiyín.

Káàdì náírà lásán yàtọ̀ sí èyí. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì gé iye tó lè ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, kí àwọn kan tó dá a dúró pátápátá. Àwọn kan tún ṣí i padà ní 2025. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín fojú rí lọ́dún tó kọjá kọ́ ni kí ẹ gbójú lé.

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ yóò bi yín

Ẹ wà ní ilé ìtajà bàtà kan ní Peckham. Bàtà náà jẹ́ pọ́n-ùn 80. Ẹni tó ń tajà na ẹ̀rọ POS sí yín, ojú ẹ̀rọ sì pín sí méjì: pọ́n-ùn 80 lápá kan, dọ́là 108 lápá kejì. Ó ní kí ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ó jọ ojúrere. Kì í ṣe ojúrere.

Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ dọ́là 1.30 lọ́jọ́ náà. Dọ́là 104 ni ó yẹ kí pọ́n-ùn 80 jẹ́. Dọ́là mẹ́rin tó lé yẹn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣẹ́ owó lórí ẹ̀rọ náà ló bu ú, ilé ìtajà a sì máa rí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣòro kí báǹkì yín tó bá yín gbà á padà, torí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i.

Fún ẹni tó ní àpò pọ́n-ùn, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti tẹ dọ́là, àpò dọ́là ni káàdì yóò lọ, pọ́n-ùn tí ẹ ti rà sílẹ̀ láti ilé yóò sì jókòó síbẹ̀. Bí àpò dọ́là bá ṣófo ńkọ́? Yóò ṣẹ́ pọ́n-ùn yín sí dọ́là láti fi san owó ọjà tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì bù ú jẹ.

Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ yàn nígbà gbogbo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn. Ní Párísì, yúrò. Ní Kútọnu, séfà, bí káàdì yín kò tilẹ̀ ní àpò séfà.

ATM a máa fi ọgbọ́n bi ìbéèrè yìí. “Accept conversion” ni yóò kọ gàdàgbà, “Decline conversion” yóò sì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù a máa ba èèyàn pé bí òun bá tẹ “Decline”, owó kò ní jáde. Yóò jáde. Ṣíṣẹ́ owó lẹ kọ̀, ẹ kò kọ owó. Bí ọlọ́jà bá sì ti tẹ dọ́là kí ẹ tó rí i, ẹ ní kó fagi lé e, kó tún un ṣe. Òfin Visa àti Mastercard ni pé oníbàárà ló ń yàn.

Nínú ọkọ̀ àti ní òtẹ́ẹ̀lì

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014. Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè bí ẹ bá ṣe ń wọlé. Ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé èkejì, iye tó ga ni wọn yóò yọ. Ẹ má fi káàdì wọlé kí ẹ wá fi fóònù jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ káàdì kan náà ló wà nínú fóònù. Ẹni méjì ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí.

Òtẹ́ẹ̀lì a máa de iye kan mọ́lẹ̀ lórí káàdì, tó lè ju owó yàrá lọ. Owó yín ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ná an, ó sì lè pẹ́ lọ́jọ́ kí ó tó tú sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sórí káàdì kan lè sùn sí yàrá olówó ńlá kó má rí owó ra búrẹ́dì. Ẹ mú káàdì kejì dání, kí ẹ má sì kó méjèèjì sínú pọ́ọ̀sì kan.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Bí ẹ bá ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà Nàìjíríà yín ni báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ẹ má yọ síìmù yẹn jù sílé. Ẹ ní kí wọ́n ṣí roaming sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà báǹkì sórí ìwé, torí fóònù àti káàdì lè sọnù pọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń gbé owó lọ́wọ́, tó sì ju dọ́là 10,000 lọ, kó sọ fún àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú.

Bí ẹ bá padà dé, ẹ yẹ àkáǹtì wò bóyá owó tí òtẹ́ẹ̀lì dè ti tú sílẹ̀. Bí kò bá tíì tú, ẹ kọ̀wé sí báǹkì, kí ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn. Pọ́n-ùn tó ṣẹ́kù lè wà nínú àpò rẹ̀ di ìrìn-àjò mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá báǹkì ń yọ owó ìtọ́jú káàdì lóṣooṣù.