Eruku Lásán Ló Ń Dá Rélùwéè Kékeré Dúró

Ní Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà wà tó jẹ́ pé rélùwéè kékeré ni wọ́n ń tò sórí tábìlì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Wàhálà kan sì wà tí gbogbo wọn mọ̀: wọ́n tan iná, ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó dúró. Wọ́n fi ìka tì í, ó tún lọ. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ ni?

Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní N. Ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 160 gùn jù ú lọ. Àlàfo ojú irin rẹ̀ ò ju mìlímítà 9 lọ. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ ló dín kù o. Fífẹ̀ àti gíga náà dín kù. 160 lọ́nà mẹ́ta yẹn jẹ́ 4,096,000! Ẹ́ńjìnnì tọ́ọ̀nù 80 á wá di nǹkan bíi gíráàmù 20. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki irin wúwo sínú rẹ̀.

Ojú irin ni iná ti ń gba ara táyà onírin wọlé. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, kò lè tẹ irin dáadáa. Eruku á là wọ́n láàárín, iná á já.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ tí ò yọ òwú àti isopropyl alcohol díẹ̀ nu ojú irin àti táyà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rẹ́ pákó, ẹ má rẹ́ ẹ lórí tábìlì yẹn.