Ọgbà Ajá

Ajá ń ṣọ́ ilé, ó sì ń bá ọdẹ lọ sí ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ lè pa ajá tó ń rìn kiri títì.

Bí àdúgbò rẹ bá ní ilẹ̀ tó ṣófo, a lè fi ọgbà yí i ká kí ajá máa sáré níbẹ̀. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979.

Ọgbà náà gbọ́dọ̀ ga. Kí ó ní ẹnu ọ̀nà méjì. A ó ti èkíní kí a tó ṣí èkejì, kí ajá má baà sá jáde.

Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí àrùn yìí ń pani. Bí ajá bá gé ọ jẹ, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.