Kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ló wà nínú ‘Fast Car’, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń dójú ti àwọn tó ń kọ́ ọ

Ẹ̀yin èèyàn wa, orin kan wà tó máa ń tan àwọn tó ń kọ́ gìtá jẹ. ‘Fast Car’ lorúkọ ẹ̀. Tracy Chapman, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, àfi kó rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ni. Gìtá á yí, á tún yí, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó dín díẹ̀. Ẹni tó ra gìtá lóṣù tó kọjá á ní, “Èyí kẹ̀? Kò lè gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ.” Oṣù méjì á pé, ẹ ó ṣì bá a níbi tó jókòó sí, ìka ń dùn ún, orin ò sì jọ ti ẹni tó ni ín.

Ohun tó fà á ò le. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn ń dojú kọ, torí òun ló ń tẹ okùn, òun lojú ń rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ ọ̀tún ni orin yìí wà. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí orin náà ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, torí ìtàn ọ̀hún ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí gìtá kan ṣoṣo lè dá ṣe.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 1988 ni, ní pápá ìṣeré Wembley, ní London. Wọ́n ń ṣe ṣọ́ọ̀ ńlá fún àádọ́rin ọdún tí wọ́n bí Nelson Mandela, ẹni tó ṣì wà lẹ́wọ̀n ní South Africa nígbà náà. Nǹkan bíi 70,000 èèyàn ló kún inú pápá náà, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kárí ayé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Tracy. Oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an ni rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò tíì pọ̀. Wọ́n ti ní kó kọ tiẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ti kọ ọ́ tán, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó dalẹ́, ó kan Stevie Wonder. Àṣé wàhálà ti ń bọ̀. Irinṣẹ́ orin oníkọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Synclavier ni Stevie kó orin tó fẹ́ kọ sí, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó gun orí pèpéle ni wọ́n rí i pé díìsìkì tí orin náà wà nínú rẹ̀ ti sọnù. Ọkùnrin náà ní òun ò lè kọrin láìsí i. Ó bú sẹ́kún, ó yí padà, ó sì jáde. Lóòótọ́, ó padà wá kọrin nígbà tó yá, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ yẹn, pèpéle ti ṣófo, tẹlifíṣọ̀n ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ olórin míì bọ́ síbẹ̀, wọ́n ṣì máa to ìlù, wọ́n á to gbohùngbohùn, wọ́n á máa so wáyà. Ta ló lè kọrin láìto nǹkan kan? Ọmọbìnrin onígìtá ọ̀sán yẹn ni.

Bí Tracy ṣe tún jáde nìyẹn. Kò sí ìlù, kò sí ẹlẹ́gbè, òun àti gìtá onígi rẹ̀ nìkan ni. Orin méjì ló kọ, ‘Fast Car’ sì wà nínú ẹ̀. Kò pẹ́ sí àsìkò yẹn tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà fi bọ́ sí ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ‘Fast Car’ fúnra rẹ̀ sì dé ipò kẹfà ní Amẹ́ríkà, ó dé ipò karùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún náà tó parí, ó ti bá Bruce Springsteen, Sting àti Youssou N’Dour ọmọ Senegal rin ìrìnàjò orin tí àjọ Amnesty International ṣètò, wọ́n sì dé Abidjan nítòsí wa níbí. Nígbà tó di ọdún 1989, àwọ́ọ̀dù Grammy mẹ́ta ló kó lọ sílé.

Ó dáa, ẹ mú gìtá yín báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní bí gbogbo ayé ṣe ń tò ó: E, A, D, G, B, E. Tracy ò yí okùn kankan padà. Ohun tó lò ni capo, ìyẹn ohun ìdè kékeré tí wọ́n máa ń fi há ọrùn gìtá. Fret kejì ló há a sí. Ẹni tí kò bá lò ó á ta orin náà tán, á máa ṣe é ní kàyéfì pé kí ló dé tí kò bá rẹ́kọ́ọ̀dù mu. Bẹ́ ẹ bá ti há a tán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ka fret yín.

Kọ́ọ̀dù mẹ́rin tí à ń wí ni Cmaj7, G, Em àti D. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àkọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ C tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà gbé ìka ìlábẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ti di Cmaj7. Ìka méjì péré ló kù: ìka òrùka lórí okùn karùn-ún ní fret kẹta, ìka àárín lórí okùn kẹrin ní fret kejì. G ló máa ń fa ọwọ́ ya díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti G bọ́ sí Em, àbùjá kan wà: bẹ́ ẹ bá fi ìka ìlábẹ̀ tẹ okùn karùn-ún ní fret kejì nígbà tẹ́ ẹ wà ní G, ẹ má gbé e kúrò. Ẹ kàn gbé ìka àárín wá sórí okùn kẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìka òrùka sì kúrò nílẹ̀. Ó ti di Em. Ọ̀pọ̀ ló ń ká gbogbo ìka sókè bí ẹni tí iná jó, tí wọ́n á tún máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ibẹ̀ ni orin ti ń já.

Iṣẹ́ ọwọ́ òsì ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń fi wákàtí kan ṣe é lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Wáyà irin ni okùn gìtá onígi, á gé yín lọ́wọ́ díẹ̀, àwọ̀ orí ìka á yi, ìrora náà á sì lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ bíi pé ẹ̀ ń lé eṣinṣin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ta á. Àtàǹpàkò ló ni okùn ńlá mẹ́ta tó wà lókè, ìka ìlábẹ̀ ló ni okùn kẹta, ìka àárín ló ni ìkejì, ìka òrùka ló ni èyí tó tín-ín-rín jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn àgbà wa tó ń ta gìtá nídìí ẹmu, ẹ ó rántí pé àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyanu yẹn. Àtàǹpàkò á máa rìn bí ẹni tó ń bọ̀ láti oko, ìka kejì á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ìlù tó wà nínú ẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ irú èyí kò ní pẹ́ rárá lórí ‘Fast Car’.

Bí mo ṣe rí i, ohun tó dáa jù ni kéèyàn má kọrin rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kó máa ta gìtá náà yípo, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó máa fi ẹsẹ̀ kà á, títí tó fi máa lè bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ dúró. Ìdí ni pé ohùn Tracy kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú okùn. Bí ẹni tó ń rojọ́ ló ṣe ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á ṣáájú, á tún dúró, gìtá ò sì ní wo ojú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń tẹ̀ lé ẹnu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá dé ìdí ègbè, ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ti lè gbá okùn pọ̀ dáadáa. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ìlù ti máa ń bọ́ sí i gidi. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tún rọra padà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fi agbára gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá dé ègbè, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kún un?

Ìtàn inú orin náà ló fà á tí gìtá fi ń yí lójú kan. Ọmọbìnrin kan ni. Ìyá rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ń mutí, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí bàbá náà. Ó rí ọkùnrin kan tó ní móto, ó rò pé àwọn á jọ sá fún ìṣẹ́. Wọ́n lọ lóòótọ́. Nígbà tó yá, obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ gbọ́ bùkátà, ọkùnrin ló wá di ọ̀mùtí. Ibi tó sá kúrò náà ló tún bá ara rẹ̀. Tracy ti sọ ọ́ pé òun ò ní móto tó ń sáré kankan, ìtàn tọkọtaya kan lásán ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ olówó. Ìyá rẹ̀ ló dá tọ́ ọ ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló sì wà tó ti ń ta gìtá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Connecticut, ó tibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Tufts, ó ń kọrin lójú títì lágbègbè Boston.

Ẹ má bẹ̀rù pé á pè yín lẹ́jọ́ o. Lọ́dún 2018, Nicki Minaj lo orin Tracy míì, ‘Baby Can I Hold You’, nínú orin tó pè ní ‘Sorry’. Wọ́n tọrọ àṣẹ, Tracy ní rárá, orin náà sì tún jáde lórí rédíò ní New York. Ó di kóòtù. Lọ́dún 2020, adájọ́ ní California sọ pé kí olórin máa fi orin ẹlòmíì dánra wò ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó ṣe dé etí aráyé ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tó débẹ̀, Minaj gbà láti san 450,000 dọ́là. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 lọ̀rọ̀ náà hàn síta. Nítorí náà, ẹ máa ta á nínú yàrá yín ní fàlàlà.

Ẹni tó gba ọ̀nà tó tọ́ ni Luke Combs, ọmọkùnrin òyìnbó tó ń kọrin country. Nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ‘Fast Car’ nígbà tó wà ní kékeré. Lọ́dún 2023, ó tún un kọ, kò sì yí ọ̀rọ̀ obìnrin tó wà níbẹ̀ padà sí ti ọkùnrin. Ipò kejì ló dé ní Amẹ́ríkà, ó ju ibi tí Tracy gbé e dé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin ló ń gba àwọ́ọ̀dù Song of the Year ti CMA, Tracy ló sì gbà á lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn Wembley. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó gba àwọ́ọ̀dù yẹn ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kejì, ọdún 2024, àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ níbi Grammy ní Los Angeles. Láti ọdún 2009 ni Tracy ti jáwọ́ nínú ìrìnàjò orin. Gìtá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ta á, ariwo sì sọ. Nígbà tí Tracy ń kọ tiẹ̀, ẹ ó rí Combs tó ń fi ẹnu lásán tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ó kọjú sí obìnrin náà, ó sì tẹrí ba fún un. Ká ní ọmọ Yorùbá ni, ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja là bá rí.