Ọkọ̀ asáré Tòkúnbọ̀ tó ti rìn jìnnà: Kí ló yẹ kí ọ̀dọ́ yẹ̀wò kó tó sanwó?

Ó ń wu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti wa ọkọ̀ asáré bíi Ford Mustang. Tuntun rẹ̀ wọ́n, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra Tòkúnbọ̀ tó ti rìn jìnnà.

Máílì ni àbí kìlómítà?

Máílì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń kà. 150,000 máílì tó nǹkan bíi 241,000 kìlómítà. Àwọn kan sì máa ń dá òǹkà náà padà sẹ́yìn. Tí òǹkà bá kéré, àmọ́ tí sítíárì àti rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì ti jẹ, kí olùrà fura.

Kí ni kí mẹkáníìkì wò?

Kí ó tan ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Tó bá ń lo timing belt, kí wọ́n béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Tó bá já lórí eré, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?

Nọ́ńbà ṣáásì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé aṣọ́bodè mu. Láti oṣù Kínní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ibodè orí ilẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ fàyàwọ́ tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Kí olùrà fi owó àtúnṣe sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tán síbi rírà, ibi tí ọkọ̀ bá ti kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ni yóò pa á tì sí.