Ìdá Tí Ó Ní Lẹ́tà Nínú: Bí Ìyá Ṣe Lè Ran Ọmọ Lọ́wọ́

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń sọ fún pé ìṣirò le, ẹ̀rù ni yóò gbé lọ sí kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kò ṣeé ṣe fún ẹni tí kò yege nínú ìṣirò. Ẹ̀rù yìí lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọbìnrin tí ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń da àwọn ọmọ láàmú ni ìdá tí ó ní lẹ́tà nínú.

Ẹ gé búrẹ́dì sí ọ̀nà mẹ́rin tí ó dọ́gba, kí ẹ mú méjì. Ẹ gé irú rẹ̀ mìíràn sí ọ̀nà méjì, kí ẹ mú ẹyọ kan. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín kò yàtọ̀: 2/4 àti 1/2 jẹ́ orúkọ méjì fún ohun kan ṣoṣo. Òfin rẹ̀ ni pé bí a bá fi iye kan náà, tí kì í ṣe òdo, pín òkè àti ìsàlẹ̀, tàbí tí a fi sọ wọ́n di púpọ̀, ìdá náà kò yí padà.

Lẹ́tà kò ba òfin yìí jẹ́. Iye tí a kò tíì mọ̀ ni x dúró fún. Bí a bá fi 3x pín òkè àti ìsàlẹ̀ 6x/9x, ó ku 2/3, bí x kò bá ṣáà ti jẹ́ òdo.

Ibi tí ọmọ ti ń ṣìnà nìyí: ó rí (x + 3)/(x + 5), ó pa x rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ó ní ó ku 3/5. Ẹ fi 1 sí ipò x: òkè di 4, ìsàlẹ̀ di 6, èyí tí í ṣe 2/3. Ṣé ẹ rí i pé kò dọ́gba? A ro x pọ̀ mọ́ 3 àti 5 ni. Ohun tí ó bá sọ gbogbo òkè àti gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀ nìkan ni a lè pa rẹ́. Nínú (2x + 6)/(2x + 10), a lè fa 2 yọ kí ó di 2(x + 3)/2(x + 5). Nígbà náà ni a lè pa 2 rẹ́, kí ó ku (x + 3)/(x + 5).

Ìyá tí kò kọ́ áljẹ́brà rí pàápàá lè yẹ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ wò. Ẹ ní kí ó fi 2 sí ipò x nínú ìdá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà níbì kan. Bí wọ́n bá dọ́gba, kí ó tún fi iye mìíràn dán an wò, ṣùgbọ́n kí ó má fi èyí tí yóò sọ ìsàlẹ̀ di òdo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó.