GẸ̀DẸ̀GẸ́DẸ̀ INÚ Ẹ́ŃJÌNÌ: BÍ A TI Ń FỌ̀ Ọ́ LÁÌSÍ EWU

 Bí ẹ bá ka ìròyìn ẹbí inú ìwé wa yìí, ẹ ó rí i pé kò sí oṣù kan tí kò sí ìgbéyàwó, ìkómọ tàbí ìsìnkú ní ilé. Àwa tí a fi ìlú ẹlòmíràn ṣe ibùjókòó, ọ̀nà ni ó so wá pọ̀ mọ́ ẹbí wa. Ní ayé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀. Ní 1912 ó ti ń ti Èkó dé Kánò. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀nà Kánò sí Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà, ibi tí ẹ́ńjìnì bá sì kú sí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ ibi tí ó wu ènìyàn láti sùn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ọ̀nà dà ní àkókò yìí.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí inú ẹ́ńjìnì: ohun tí ń dọ̀tí i, bí a ti ń fọ̀ ọ́, àti irú ìfọ̀ tí ń pa ẹ́ńjìnì, tí ó sì lè pa ẹni tí ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ni ìnáwó.

IṢẸ́ TÍ Ọ́ÌLÌ Ń ṢE

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnì. Inú sọ́ǹpù nísàlẹ̀ ni ó máa ń wà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù á fà á gba inú asẹ́ kékeré kan, á tì í gba inú fílítà, lẹ́yìn náà á gba àwọn ihò tóóró dé ibi gbogbo tí irin ti ń yí, títí dé òkè pátápátá. Kì í jẹ́ kí irin ha irin, ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń kó ìdọ̀tí lọ sí fílítà.

Àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì òde òní máa ń po oògùn mọ́ ọn, tí ó ń fọ inú ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì tuntun fi lè tètè dúdú. Dúdú nìkan kò fi hàn pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbára oògùn náà a máa tán. Bí ó bá tán tí a kò sì pààrọ̀ ọ́ìlì, ooru á sè é títí, èéfín àti omi tí ń jáde láti ara epo tí ń jó á dà pọ̀ mọ́ ọn, á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ki bí ọ̀dà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni ó ń dí asẹ́ inú sọ́ǹpù. Bí asẹ́ bá dí, ọ́ìlì lè kún sọ́ǹpù kí òkè ẹ́ńjìnì sì gbẹ. Ẹni tí ó wo gééjì á sọ pé ọ́ìlì pé, bẹ́ẹ̀ ni irin ń jẹ irin lókè.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á NÍ ILẸ̀ TÍ A WÀ

Èkínní ni àìpààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Èkejì ni eruku. Láti nǹkan bí Novemba títí dé Februari ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá bá wa. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya tàbí tí kò jókòó dáradára, eruku náà á wọnú ẹ́ńjìnì, á ha ríìngì, á sì bá ọ́ìlì jẹ́. Ẹ̀kẹta ni oòrùn Kánò àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan fún wákàtí kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, iye kìlómítà kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń jóná lọ. Ẹ̀kẹrin ni ìrìn kúkúrú, láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé. Ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀karùn-ún ni ayédèrú ọ́ìlì: ògbólógbòó ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n rọ sínú ike olórúkọ ńlá. Nítorí náà, bí ẹ bá lo ọ́ìlì tán, ẹ fi ọ̀bẹ gún ike náà kí ẹ tó jù ú nù, kí oníjìbìtì má baà tún un rọ.

Ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti tọ́jú rẹ̀. Ní 2002, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò tún ẹ́ńjìnì tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá bàjẹ́ ṣe fún àwọn oníbàárà. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 3 mílíọ̀nù, àwọn tí wọ́n ṣe láti 1997 títí di 2002. Camry wà nínú wọn, Sienna wà nínú wọn, Lexus RX300 náà sì wà. Ẹ̀yin náà mọ iye irú ọkọ̀ wọ̀nyí tí ó ṣì ń gbé ènìyàn àti ẹrù ní ọ̀nà wa. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ṣeré.

BÍ A TI Ń MỌ̀

Igi gańgań-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ ṣí ìdérí tí a ń gbà bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí irin inú bá ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti oyin, ó dára. Bí nǹkan dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀, iṣẹ́ ti dé. Bí ọ́ìlì orí gééjì bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó jó; ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfọ̀, ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe kí ẹ tó rìn. Èéfín aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ọkọ̀ ń sọ pé ọ́ìlì ń jó.

Iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì ni ìkìlọ̀ tí ó kẹ́yìn. Bí ó bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó dé ìlú tí ó wà níwájú.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Àṣà kan wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe: wọn á tú ọ́ìlì dànù, wọn á bu kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì, wọn á sì tan án kí ó lè fọ inú. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo bẹntiróò. A bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún wọn.

Àkọ́kọ́, kẹrosíìnì kò ki tó láti ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré tó láti ha bíárìn. Èkejì, iná. Láti nǹkan bí 38 dígíríì ni ooru kẹrosíìnì ti lè gba iná, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì tí ń ṣiṣẹ́ sì máa ń tó 90 dígíríì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti bẹntiróò kò ní àsọtẹ́lẹ̀: nínú òtútù ọyẹ́ pàápàá, ooru rẹ̀ ń dúró de ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì ọjà wa kì í fìgbà gbogbo jẹ́ kẹrosíìnì lásán. Àwọn oníwà ìbàjẹ́ a máa fi bẹntiróò pò ó. Ọmọ iṣẹ́ tí a rán lọ sábẹ́ ọkọ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni, a sì ní láti dá a padà fún ìyá rẹ̀ ní pípé.

Ẹ̀kẹta ni pé ìfọ̀ alágbára a máa ṣí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ègé ńláńlá. Ègé wọ̀nyí kò ní ibòmíràn láti lọ ju ẹnu asẹ́ lọ. Ẹnìkan nínú wa tí ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe takisí gbà kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ nígbà tí ó ku ọ̀túnla kí ó gbé èrò lọ sí ilé. Ọkọ̀ náà dún dáradára títí ó fi kọjá Jẹ́bà. Níbẹ̀ ni iná pupa tàn. Ó ní kí òun rọra dé Ìlọrin. Kò dé ibẹ̀ tí ẹ́ńjìnì fi nọ́kù, tí ó sì dúró pátápátá. Owó tí ó ti kó jọ fún iléèwé àwọn ọmọ ni ó fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn. Nígbà tí wọ́n tú èyí tí ó bàjẹ́, asẹ́ sọ́ǹpù rẹ̀ dí bí ìgbà tí a fi ọ̀dà rẹ́ ẹ.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ Ó DÁRA

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ìdọ̀tí kò bá tíì pọ̀, ọ́ìlì tuntun ni kí ẹ jẹ́ kí ó fọ̀ ọ́. Ẹ ra ọ́ìlì gidi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu, bóyá 5W-30 ni tàbí 20W-50, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rìn tó 1,500 kìlómítà, kí ẹ tún pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ewu, ìdọ̀tí náà á sì máa yọ́ lọ sínú fílítà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni oògùn ìfọ̀ inú agolo tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ náà gan-an. Inú ọ́ìlì tí a fẹ́ tú dànù ni a ń bu ú sí. A ó tan ẹ́ńjìnì, a kò ní tẹ iná mọ́ ọn, a kò sì ní wa ọkọ̀. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo ni a ó jẹ́ kí ó lò, èyí tí kì í sábà ju 15 lọ. Lẹ́yìn náà a ó tú gbogbo rẹ̀ dànù, a ó sì fi fílítà àti ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ́ńjìnì tí ìdọ̀tí rẹ̀ mọ níwọ̀n ni èyí wà fún. Ẹ má lò ó fún èyí tí ó ti ki bí ẹrẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ́ńjìnì tí ó ti dọ̀tí gan-an. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ tú sọ́ǹpù àti ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, kí ó fi ọwọ́ há gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò, kí ó yọ asẹ́, kí ó fọ̀ ọ́ lóde, kí ó sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà. Kí ó yẹ fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnì fi ń mí wò pẹ̀lú, nítorí bí ó bá dí, oru omi á há sínú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì tún padà wá. Ọ̀nà yìí gba owó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti ẹ́ńjìnì.

BÍ A Ó ṢE ṢỌ́ ARA WA

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ ṣe, orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a fi òkúta há táyà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a fi ohun tí ó lágbára tì í, nítorí jáàkì a máa yọ̀. Kí a má ṣe tan ẹ́ńjìnì nínú ilé tí a tì pa, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn. Ọ́ìlì tí ó lọ́ wọ́rọ́ ń jáde dáradára, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbóná gan-an ń bó ènìyàn lára. Ẹ dúró bí 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ sí sìgá tàbí iná ìdáná nítòsí. Ẹ ní garawa yanrìn lárọ̀ọ́wọ́tó. A kì í fi omi pa iná ọ́ìlì.

Kọ̀ńdẹ́m̀ ọ́ìlì tí a tú jáde kì í ṣe oògùn. A kò gbọdọ̀ fi ra ojú ọgbẹ́, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó máa pẹ́ lára. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara fún eku tí a ń fi í kùn lára léraléra. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróò. Kí a má sì dà á sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, nítorí kànga tí à ń mu kò jìnnà sí i. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ kó o fún àwọn tí ń ra á.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má fi owó ọ́ìlì pa owó ilé. Ní ilẹ̀ eruku àti oòrùn, 5,000 kìlómítà tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá ní kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá ní ìrìn níwájú, kí ó yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó kù ọ̀la.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé ẹbí wa.